Ìdajì Ìlù Ọkàn Mi

Ojú kan ni mo dúró sí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ká ní mò ń gun òkè ni, n kì bá tí kà á sí. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mi ní Arakale, mo fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, mò ń retí kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dínà lè kọjá. Àárọ̀ ni, oòrùn kò tíì mú, ẹsẹ̀ kò sì ro mí. Mo wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó kọ 131. Mo ní yóò tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá, ọ̀nà là, mo tún wò ó, ó ti di 138. Àyà mi ń lù kì-kì-kì bíi ti ẹni tí ajá lé, bẹ́ẹ̀ n kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Àkúrẹ́. Ọmọ Oǹdó ni mí, Isikan ni mò ń gbé. Ọkọ mi ló ni kẹ̀kẹ́ náà, kẹ̀kẹ́ ológeere gidi, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ọkọ mi. Ọdún mẹ́rin ṣáájú àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń fọn fèrè fún àwọn ọmọ ní pápá, ó jókòó sórí koríko bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ yàrá ẹrù, n kò fẹ́ fojú kàn án.

Ìgbà tí epo bẹntiróòlù di ohun àdúrà, tí owó ọkọ̀ láti Isikan dé ilé ìwé wá di ohun tí à ń jókòó rò kí ilẹ̀ tó mọ́, ni mo gbé e jáde, tí mo ní kí wọ́n bá mi lẹ táyà rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fi mí ṣẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, opó, olùkọ́ àgbà, lórí kẹ̀kẹ́! Mo ní kí wọ́n máa wò mí dáadáa, ìran ọ̀fẹ́ ni, ṣòkòtò sì wà lábẹ́ gáùn mi.

Fúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì kan ní Ìlárá-Mọ̀kín. Olùkọ́ kan níbẹ̀ tó ń kó lọ sí òkè òkun ń ta gbogbo ẹrù rẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nígbà náà, Fúnmi sì ra kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó ń sọ bí èèyàn ṣe sáré tó àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó bá a wá ni Fúnmi ń wá. Abẹ́ ọmú la ń de bẹ́líìtì yìí mọ́. Ó ń gbọ́ ìlù ọkàn, ó sì ń fi ránṣẹ́ sójú ẹ̀rọ, iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan. Ohun kan péré ni ẹni tó tà á tẹnu mọ́: kí á fi omi rin ẹ̀yìn bẹ́líìtì náà kí á tó dè é, torí omi ló ń jẹ́ kó gbọ́ràn.

“Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, ẹ má gun kẹ̀kẹ́,” ni Fúnmi wí. “Mi ò lè sin ẹni méjì nítorí ọkàn.”

Mo wọ̀ ọ́. Lóṣù àkọ́kọ́, bí mo bá jókòó, 72 ni, tàbí 74. Bí mo bá ń gun òkè, ó ń tó 140, tí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, àárọ̀ àti ọ̀sán. Nọ́ńbà ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn nọ́ńbà ju èèyàn lọ nígbà mìíràn, torí nọ́ńbà kì í purọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn o.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Mo ń jẹun bí ẹni tó ń roko, mo sì ń rù. Aṣọ ń bọ́ lára mi. Nínú yàrá olùkọ́, Ìyáàfin Adébọ́lá, tí tábìlì wọn kọjú sí tèmi, ń yìn mí lójoojúmọ́. “Mọ́mì Fúnmi, kẹ̀kẹ́ yìí ti sọ yín di ọmọge o! Èmi náà á ra tèmi.” Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ooru ń mú mi nígbà tí òjò ń rọ̀. Mo ní nǹkan oṣù tó ń dáwọ́ dúró ló fà á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣọ́ọ̀kì ń kán mọ́ mi lọ́wọ́ lójú pátákó, mo ní ṣọ́ọ̀kì òde òní kò dára. Mo ń bínú sí àwọn ọmọ kíláàsì lórí ohun tí kò tó nǹkan, lẹ́yìn náà màá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Mo ní ebi ìlú ni. Ohun gbogbo ló ní àlàyé, mo sì gba gbogbo àlàyé náà wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ Arakale ló gba àlàyé lẹ́nu mi. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà, n kò gùn ún. Mo jókòó sí ìdí tábìlì mi fún odidi wákàtí kan, n kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ tí mo yọ lórí kẹ̀kẹ́ sì kọ 121. Mo rí ọkọ mi bó ṣe jókòó sórí koríko. Mo mọ̀ pé èmi ló kàn.

Ọsibítù ìjọba tí mo kọ́kọ́ lọ, àwọn dókítà ń yanṣẹ́ lódì, nọ́ọ̀sì méjì péré ló ń dá gbogbo èèyàn lóhùn. Mo lọ sí ọsibítù aládàáni kan. Bẹ́ǹṣì onípákó ni a jókòó lé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, fáànù kò ṣiṣẹ́ torí kò síná. Mo fi ẹ̀rọ náà sórí itan mi, mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò orí iná. 122. 119. 124. Bàbá kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá tẹlifóònù ni. Mo ní rárá, ọkàn mi ni. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Dókítà tó rí mi kò lè ju Fúnmi lọ pẹ̀lú ọdún márùn-ún. Kò kọ́kọ́ gbé ohun èlò kankan. Ó ní, “Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, mà.” Ó gbé bébà pẹlẹbẹ kan lé ìka mi, bébà náà ń jó. Ó ní kí n gbé itọ́ mì, ó ń wo ọrùn mi. Ó wá bọ́ sẹ́yìn mi, ó fi ìka tẹ iwájú ọ̀fun mi jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé mi, ó ka nọ́ńbà mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ní, “Ẹ̀yin lẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.”

Ohun tó ṣàlàyé fún mi rèé, èmi náà yóò sì sọ ọ́ bí ó ṣe yé mi, bóyá ó lè ṣe ẹnìkan tó ń ka ìwé yìí láǹfààní. Ohun kékeré kan wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun wa, ó ní apá méjì bíi labalábá. Táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀, omi náà ló ń sọ fún gbogbo ara bó ṣe yẹ kó yára ṣiṣẹ́ tó. Bó bá wú síta, gẹ̀gẹ̀ ni àwa ń pè é, gbogbo wa la mọ gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè má wú tó bẹ́ẹ̀, kó sì máa tú omi jù. Nígbà náà, gbogbo ara á máa sáré: ikùn á sáré, èèyàn á máa jẹun láìsanra, ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú á máa bí èèyàn láìnídìí, ọkàn á máa lù bí ẹni tó ń gun òkè nígbà tó jókòó sílé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe àìsàn ọkọ mi ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n dókítà ní bí a bá jẹ́ kí ọkàn máa sáré báyìí pẹ́, ibì kan náà ni yóò já sí.

Ó fún mi ní oògùn oríṣi méjì. Ọ̀kan ń dín omi táírọ́ìdì kù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò gbà kó tó hàn lára. Èkejì ń tu ọkàn lójú kí ó lè rọra. “Ẹ má dá a dúró fúnra yín, mà,” ó ní. “Bí ara bá tilẹ̀ ti yá, ẹ má dá a dúró.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè sọ pé n kò gbọ́.

Oògùn náà ṣọ̀wọ́n. Ilé oògùn mẹ́rin ni Fúnmi ń wọ̀ ní Àkúrẹ́ kó tó rí i, nígbà mìíràn á sì rí ìdajì ohun tí wọ́n kọ fún wa. Mo mọ ohun tó ń yọ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ kó tó rà á, torí òun náà ń rù, táírọ́ìdì kò sì ṣe é. Mo lo oògùn fún ọjọ́ méjìlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, ọjọ́ Sátidé, mo fi omi rin bẹ́líìtì, mo dè é, mo jókòó, ẹ̀rọ náà kọ 124. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo wá gbé orí lé tábìlì. Kí n sọ òótọ́, mo ti jọ̀wọ́ ara mi. Mo ń ro ẹni tí yóò máa sọ fún Fúnmi pé kó jẹun. Mo fi ẹ̀rọ sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó láti lọ rí ìyá mi, torí mo rò pé ó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn.

Yèyé mi ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Olùkọ́ ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n kọ́ títí, bóyá ìdajì àwọn àgbàlagbà àdúgbò wọn ló jẹ́ pé Yèyé ló kọ́ wọn ní ení, èjì, ẹ̀ta. Èmi gan-an, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ìṣirò. Wọ́n ti sin ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àbúrò mi obìnrin. Èmi nìkan ló kù.

Wọ́n pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ gbá ẹnu. “Ọma mi! Kí ló jẹ ẹ́ báyìí?” Nígbà tí mo bọ́ aṣọ òkè, wọ́n rí bẹ́líìtì àyà mi, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ojú, wọ́n wo 124, wọ́n bi mí iye tó yẹ kó jẹ́. Mo sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ìgò òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ibi tí ìròyìn ti ń jáde ni a ó fi òróró sí,” ni wọ́n wí. Wọ́n bọ́ bẹ́líìtì náà lára mi, wọ́n fi aṣọ nù ún gbẹ, wọ́n da òróró sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n da òróró sí mi láyà, wọ́n sì tún dè é padà. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Kì í ṣe àdúrà inú ìwé ni wọ́n gbà. “Olúwa, O gba Káyọ̀dé, mi ò bi Ọ́ léèrè. O gba Ṣadé, mi ò bi Ọ́ léèrè. Bọ́sẹ̀dé rèé. Fi èyí sílẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ Ọ́, fi èyí sílẹ̀.”

Ojú ẹ̀rọ ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà yọ. 62.

Mo pariwo. Yèyé gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó. 62. A dúró, a jókòó, a tún wò ó, 61, 62, 62. A di mọ́ra wa, a sunkún bí ọmọdé. Yèyé ní n kò gbọdọ̀ fi omi rin bẹ́líìtì náà mọ́, kí omi má fọ òróró kúrò. Òróró ni kí n máa fi rin ín láràárọ̀. Wọ́n fún mi ní ìgò náà. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ 62 sí abẹ́ 124 tí mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú ewé kan náà, ìlà kan tẹ̀lé èkejì. Èmi olùkọ́ ìṣirò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Yèyé ní Oǹdó. Mo jó dé iwájú pẹpẹ. Èémí ń gé mi, orúnkún mi ń yẹ̀, mo ní ayọ̀ ni. Nígbà tí mo padà dé Isikan, mo di oògùn oríṣi méjèèjì sínú ọ̀rá, mo tì wọ́n sábẹ́ àpótí aṣọ. Mo ní kí Fúnmi lè rí nǹkan jẹ. N kò sọ fún un. N kò sọ fún dókítà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé bẹ́ẹ̀. Ara mi kò dákẹ́ o. Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n, mo ṣì ń rù, òógùn ṣì ń bò mí, àyà mi sì ń lù débi pé mo ń gbọ́ ọ létí tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ẹ̀rọ, 63. 65. Mo gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ara mi lọ. Ìka méjì lórí ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú aago, ìṣẹ́jú kan péré, ìyẹn ni ìbá ti sọ òótọ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbé ìka lé e, mo rí i pé ó ń sáré, mo sì yára gbé e kúrò kí n tó kà dé mẹ́wàá. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti dúpẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà lọ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ojú pátákó ni mo ti ṣubú, láàárín ìṣirò tí mo ń kọ́ wọn lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ni ara mi ti gbóná, mo sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyáàfin Adébọ́lá ló fi ọkọ̀ wọn gbé mi lọ sí ọsibítù, epo tí wọ́n fẹ́ fi rìn fún ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n jó. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹ̀rọ inú báàgì mi, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra kí ọkàn mi lè balẹ̀: “Ó dáa, Mọ́mì Fúnmi, ó ní 78. 78 ni. Kò burú.”

Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó wo aago rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó kígbe pe dókítà, ó ní, “156!”

Ọkùnrin kan ti ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìlù ọkàn wọlé. Ó fẹ́ lẹ àwọn wáyà mọ́ mi láyà, wọn kò lẹ̀. Ó fọwọ́ pa àyà mi, ó wo ìka rẹ̀. “Mà, ta ló da òróró sí yín láyà?” Ó rí bẹ́líìtì náà, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó mi orí. Ó ń fi owú àti sípírítì nu àyà mi bó ṣe ń sọ ọ́, kò tilẹ̀ wo ojú mi: iná mànàmáná tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọkàn tó ń sún un lù, iná náà ni bẹ́líìtì ń gbọ́ láti ara awọ. Omi ń jẹ́ kó kọjá, òróró ń dí i lọ́nà. Ó ní, “Irú èyí á máa gbọ́ ọ̀kan, á máa fo ọ̀kan.”

Ara mi ń jó bí iná, orí mi ń dà rú, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ṣe ara rẹ̀ nínú mi. 78 lọ́nà méjì, 156. 62 lọ́nà méjì, 124. Ọkàn mi kò rọlẹ̀ rí, kódà fún ọjọ́ kan. Ìdajì ni mò ń kà.

Ìjì táírọ́ìdì ni àwọn dókítà pe ohun tó ṣe mí. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí táírọ́ìdì bá tú omi rẹ̀ jáde láìsí ìjánu, pàápàá bí èèyàn bá dá oògùn dúró lójijì. Ó ń pa èèyàn. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Fúnmi ní gbangba. Ọjọ́ méjì wà tí n kò lè ròyìn rẹ̀ fún yín. Wọ́n ní mò ń pe ọkọ mi, mo ń sọ fún un pé kó fọn fèrè kí eré lè parí. Ohun tí mo rántí ni omi tí wọ́n fà sí mi lápá, aṣọ tútù tí wọ́n ń tẹ́ sí mi lára, àti àyà mi, àyà mi ṣáá, bí ẹni tó wà nínú mi tó ń gbá ilẹ̀kùn kí n jẹ́ kóun jáde. Mo fẹ́ kí ó dákẹ́. Ẹ dárí jì mí, àmọ́ wákàtí kan wà tí n kò bìkítà bó bá dákẹ́ pátápátá.

Ọjọ́ kẹta ni Yèyé dé láti Oǹdó. Kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín wa, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ tí Yèyé ní kí Fúnmi jẹ́ kí àwọn wọlé, òróró tuntun wà lọ́wọ́ àwọn. Fúnmi ti rí oògùn nínú ọ̀rá lábẹ́ àpótí. Kò tíì sùn láti ọjọ́ tí mo ṣubú.

“Màmá, ẹ dúró níbẹ̀,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Òróró yín ló fẹ́rẹ̀ pa ìyá mi. Ẹ má wọlé.”

N kò ní okun láti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni Yèyé fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù náà, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọn kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti lè jókòó, tí ọkàn mi ti wà ní 96 lórí ẹ̀rọ ọsibítù, wọ́n dìde, wọ́n padà sí Oǹdó láìrí mi.

Ara mi kò yá kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ń yá kíákíá. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Ẹran padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, Ìyáàfin Adébọ́lá sì ní mo ti ń di ìyá àgbà padà, mo ní kí Ọlọ́run bá mi fi kún un. Mo ń lo oògùn lójoojúmọ́, mo ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ bẹ́líìtì náà títí òórùn òróró fi kúrò. Ṣùgbọ́n kí n tó wo ẹ̀rọ láàárọ̀, mo ń gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ mi, mo ń ka ìṣẹ́jú kan pé. Bí ẹ̀yin náà bá ní irú ẹ̀rọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Fúnmi bẹ ìyá ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Yèyé ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò wá sí Isikan mọ́.

Nígbà tí dókítà gbà mí láyè láti rìnrìn àjò, Oǹdó ni mo kọ́kọ́ lọ. Yèyé gbé iyán síwájú mi, wọ́n wá lọ jókòó sí ọ̀nà jíjìn, lẹ́bàá fèrèsé. Ìgò òróró kò sí lórí tábìlì wọn mọ́. Mo jẹun tán, mo ní kí wọ́n wá gbàdúrà fún mi.

“Gbà á fúnra rẹ. Ọlọ́run ń gbọ́ tìrẹ náà.”

“Ẹ fọwọ́ lé mi lórí, Yèyé.”

“Mi ò fọwọ́ kàn ọ́ mọ́, ọma mi.” Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú, wọ́n ń wò wọ́n. “Ọwọ́ yìí ló dè é mọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ ara mi...”

Inú bí mi. Kì í ṣe inú bíbí táírọ́ìdì, tèmi gan-an ni. “Yèyé, ta ló kọ́ mi ní ìṣirò?”

“Èmi ni.”

“Ẹ pín ọgọ́fà ó lé mẹ́rin sí ọ̀nà méjì.”

Wọn kò tilẹ̀ rò ó. “Méjìlélọ́gọ́ta.”

“Ẹ wò ó bó ṣe yá yín. Èmi tí mo ń jẹun nídìí ìṣirò, mo fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà méjèèjì sójú ewé kan náà, n kò rí i. N kò fẹ́ rí i. Òróró yín kò mọ ìṣirò, Yèyé. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dá oògùn dúró. Ẹ̀yin ń bẹ̀bẹ̀ fún mi ni.”

Wọ́n ń sunkún. Mo dìde lọ bá wọn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí mo ṣe ń ṣe ní kékeré. Mo mú ìka méjì lára ọwọ́ ọ̀tún wọn, mo gbé e lé ọrùn ọwọ́ mi, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ọ, torí wọ́n gbé orí sókè.

Mo ti bínú sí ara yìí. Mo ti pè é ní òpùrọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń sọ òótọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀: ó gbọ̀n, ó làágùn, ó rù, ó gbá ilẹ̀kùn, mo sì yíjú sí ojú ẹ̀rọ. Kò fi mí sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ dókítà kékeré yẹn, lọ́wọ́ Fúnmi, lọ́wọ́ obìnrin tó jó epo ọ̀sẹ̀ kan nítorí mi. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkàn mi pàápàá, tó sáré fún oṣù mélòó kan láìní ìsinmi, tí kò sì jókòó sórí koríko.

Aago ara ògiri wà lókè wa. Mo ní, “Ẹ wo abẹ́rẹ́ tó ń sáré yẹn, Yèyé. Bó bá dé òkè, ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ohùn tí mo ti gbàgbé pé wọ́n ní. “Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.” Wọ́n ń kà, wọ́n ń mi orí sí i. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà yí po, wọ́n dúró. “Ẹ̀tàdínlọ́gọ́rin. Ṣé ó dáa?”

“Ó dáa, Yèyé.”

Wọn kò gbé ìka wọn kúrò.

“Dákẹ́ ná,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kí n tún un kà.”